Ẹsẹ̀ Tí Màmá Mi Fi Ń Dán Omi Wò

Nígbà tí mo bí ọmọ mi, màmá mi wá láti Ìjẹ̀bú sí ilé wa ní Ìkòsì kí wọ́n lè máa bá mi wẹ ọmọ. Orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé ojúgun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n á kọ́kọ́ da omi díẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ara wọn. Bí ìyá tiwọn náà ṣe kọ́ wọn nìyẹn: omi tí kò bá jó ẹsẹ̀ àgbà, kò ní jó ọmọ.

Màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n da omi sẹ́sẹ̀, wọ́n ní ó ti dáa. Mo ki ọwọ́ bọ inú bàsíà láti mú kànìnkànìn, kíá ni mo fà á yọ. Omi yẹn gbóná débi pé orí ẹsẹ̀ wọn ti pọ́n, wọn ò sì mọ̀. Ọpẹ́ ni pé ọmọ ṣì wà léjìká mi.

Ọjọ́ yẹn gan-an la lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kétu. Nọ́ọ̀sì ní irin tó máa ń gbọ̀n, tí wọ́n fi ń dán ẹsẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń mọ nǹkan lára, kò sí nílẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ṣe é kó máa gbọ̀n, ó gbé igun rẹ̀ lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn.

“Mummy, ẹ dijú. Tó bá ń gbọ̀n, ẹ sọ fún mi.”

“Ó ń gbọ̀n.”

Nọ́ọ̀sì wò mí. Ó gbé fóònù kúrò lẹ́sẹ̀, ó mú un dání lókè bẹ́ẹ̀, ó ń kùn bí oyin.

“Ó ṣì ń gbọ̀n,” màmá mi wí, wọ́n tiẹ̀ mi orí bí ọmọ iléèwé tó dáhùn ìbéèrè rẹ́gí.

Mo rẹ́rìn-ín. Ariwo ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì dí wọn létí, ó wá gbé fóònù padà sẹ́sẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ó gbé e lé ọrùn ọwọ́ wọn. “Ó ń gbọ̀n.” Mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Nọ́ọ̀sì ní fóònù kò lè dá ẹjọ́, kí a lọ rí dókítà. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ó ní ṣúgà ti ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn jẹ́, kí wọ́n máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lójoojúmọ́.

“Mummy, ẹ máa fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi wò,” mo wí.

“Ìgbọ̀nwọ́ kẹ̀? Ṣé ọmọ ni mo fẹ́ wẹ̀ ni, àbí mo fẹ́ du bọ́ọ̀sì ní Mile 12?”

Wọn ò wẹ ọmọ mi mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi padà sí Ìjẹ̀bú.

Ó ti lé lọ́dún méjì. Orí ìdúró lèmi ti ń wẹ ọmọ, bí ẹni ń fọ abọ́. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n tún rí ẹsẹ̀ gígùn wọ̀nyẹn nílẹ̀ balùwẹ̀ wa, kí omi máa ṣàn láàárín wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí lórí video call, wọ́n á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sí kámẹ́rà kí n bá wọn wò ó bóyá egbò wà. Mo máa ń wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lánàá, lẹ́yìn tí mo wò ó tán, mo sọ fún wọn pé mo tún ti lóyún.

“Mummy, ta ló máa bá mi wẹ èyí?”

Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, àjà ilé wọn ní Ìjẹ̀bú nìkan ni mo ń rí. Mo gbọ́ tí omi ń dà sínú bàsíà.

“Mummy?”

“Ní sùúrù, jàre. Mo ń fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó.”