Ọwọ́ Ọ̀tún Wolé-wolé

Wolé-wolé ni ọkọ mi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wolé-wolé jẹ́ láyé ọjọ́un, kí ó lọ bi àwọn àgbàlagbà tí ó wà ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Moniya léèrè. Bí wọ́n bá ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè, ìyá tí kò tíì gbálẹ̀ yóò sáré mú ìgbálẹ̀, èyí tí tanwíjí wà nínú àmù rẹ̀ yóò da omi nù sẹ́yìn ilé, baálé tí kò ní ṣálángá yóò sì rántí lójijì pé òun ní iṣẹ́ lóko. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi máa ń ṣí ìdérí àmù wò. Ọwọ́ náà kì í gbọ̀n. Àwọn onílé ni ó máa ń gbọ̀n.

Nítorí náà, nígbà tí ọwọ́ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti fẹ̀yìn tì, kì í ṣe àìsàn ni ó kọ́kọ́ dun ọkọ mi. Ìtìjú ni. Ó da tíì sí orí aṣọ tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì ní ife ni ó gbóná jù. Tíì náà ti tutù. Mo ti lo gbogbo ọjọ́ ayé mi ní iwájú kíláàsì, mo sì mọ irọ́ bí ó bá jókòó níwájú mi, ṣùgbọ́n n kò tọ́ ọ sọ́nà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bu tíì rẹ̀ dé ìdajì ife.

A lọ sí ilé ìwòsàn ní ìgboro Ìbàdàn. Dókítà, ọmọdékùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbíkẹ́yìn wa lọ, yẹ ọwọ́ náà wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Iṣan ara ni, Bàbá. Àìsàn àgbà ni. Kì í ràn, ẹ má sì bẹ̀rù nítorí àwọn ọmọ yín." Ó fún wa ní oògùn kan tí ó máa ń tu ọwọ́ náà lójú láàárọ̀. Bí ó bá di ọ̀sán, ọwọ́ á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti lọ jẹun dé.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sílé, ọkọ mi tẹ̀ sí etí mi. "Tíṣà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ o."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ gan-an ni mo ní lọ́kàn."

Bí a ti ń fi èyí pamọ́ ni àkọ́bí wa obìnrin mú ìròyìn wá sílé. Ó ti rí ọkọ. Kí n má parọ́, ayọ̀ náà pọ̀, nítorí ọmọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti kàwé gboyè, ó ti ṣe agùnbánirọ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ìyá ìjọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un pẹ̀lú ohùn tí a fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Akanran ni ìdílé ọmọkùnrin náà wà, àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá rẹ̀. A dúpẹ́, a kọrin. Nígbà tí a kọrin tán, ọkọ mi wo ọwọ́ rẹ̀, èmi náà sì wò ó, a sì jọ rántí ìwádìí.

Kò sí ìdílé tí ó bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ ní agbègbè wa tí í fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn láìṣe ìwádìí. Wọ́n á rán ẹni tí ojú rẹ̀ jọ ojú aláìmọ̀kan wá sí àdúgbò rẹ, á máa bi àwọn aládùúgbò bóyá wèrè wà nílé yín, bóyá wárápá wà, bóyá ẹ̀tẹ̀ ti wọ ìdílé yín rí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ bàbá ìyàwó ń dá gbọ̀n, ta ni yóò dúró ṣe àlàyé iṣan ara fún wọn? Wọn kò tilẹ̀ ní wí nǹkan kan. Wọn kò kàn ní padà wá mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ọkùnrin tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ yẹ ilé onílé wò ń dúró de ẹni tí yóò wá yẹ tirẹ̀ wò.

Àwa náà ṣe tiwa. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni a rán lọ sí Akanran. Ó padà dé, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Ìyàwó wa, ilé náà mọ́. Kò sí wèrè, kò sí olè. Ìyá ọkọ nìkan ni àléébù ibẹ̀."

"Kí ni ó ṣe?"

"Ariwo. Ọkọ rẹ̀ ò ráyè sọ̀rọ̀. Mo kí bàbá, ìyá ló jẹ́ mi. Mo bi bàbá pé báwo ni kòkó ti ọdún yìí, ìyá ló ṣírò kòkó fún mi. Ó sì ń lọgun bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò."

"Ìjọ wo ni wọ́n ń lọ?"

"Aládùúrà."

Mo mi orí. Ó yé mi. Àwa ọmọ Áńgílíkà ti mọ̀ tipẹ́ pé Ọlọ́run kì í ṣe adití.

Ìyá àgbà tí àwọn náà rán dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní òun ń wá èlùbọ́ rà. A kò ta èlùbọ́ rí láti ọjọ́ tí a ti dáyé, ọjà Ṣáṣá tí èlùbọ́ kún bí iyanrìn kò sì jìnnà sí wa. Mo fún un lómi, mo fún un lága. Ọkọ mi jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí adìyẹ tí ó sàba. Ìyá náà wo òrùlé, ó wo àmù, ó wo ọkọ mi pẹ́ títí. Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, ọkọ mi kò lè dìde sìn ín, nítorí ẹni tí ó bá dìde ni yóò fi ohun tí ó sàba lé lórí hàn. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ròyìn nílé pé bàbá ìyàwó jẹ́ ènìyàn ńlá, tí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó kò lè sàba níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, níbi tí a ó ti dìde, tí a ó ti jókòó, tí a ó ti kí ara wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èmi ni mo rí ọ̀nà àbáyọ.

"Èmi yóò di ọwọ́ náà mú."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí a lọ jó ní gbàgede ọjà. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, a kò di ọwọ́ ara wa mú lójú àwùjọ rí. A kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tí ó kọ́ àwọn tí ó kọ́ wa kò di ti ara wọn mú.

"Kí ni àwọn èèyàn máa wí?"

"Wọ́n lè ní a ti ya wèrè."

"Wèrè wà lára ohun tí wọ́n ń wádìí, Tíṣà."

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn àna dé lọ́jọ́ náà, tí gbogbo wọn jókòó sí abẹ́ àtíbàbà tí a pa, mo jókòó ti ọkọ mi, mo mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo gbé e lé itan mi, mo sì dì í pinpin. Ó ń jà nínú ọwọ́ mi bí ẹyẹlé tí a dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní òdìkejì, ìyá ọkọ ń ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti ròyìn rẹ̀. Ó ń dáhùn ohun tí a bi ọkọ rẹ̀, ó ń gún un ní itan kí ó tó dìde, ó tilẹ̀ ń gún un kí ó tó ṣe Àmín. Mo káàánú ọkùnrin náà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, obìnrin yìí á wo ọwọ́ àwa méjèèjì, á sì gbójú kúrò.

Wọ́n gbà, a gbà, a sì mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ohun tí n kò fọkàn sí ni òkìkí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé tíṣà àti wolé-wolé fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè jọ̀wọ́ ọwọ́ ara wọn níwájú àna. Ìyàwó alùfáà wá bá mi pé kí a wá bá àwọn tọkọtaya ìjọ sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ inú ìgbéyàwó. Mo lọ. Mo sọ̀rọ̀ gidi, ọ̀rọ̀ tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí, ọwọ́ ọkọ mi sì wà nínú ọwọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àwọn ìyàwó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ wọn. Télọ̀ tí ó wà ní iwájú ilé wa di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú lọ sí ìdí kànga ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ sọ okùn àti dòrò sí inú kànga.

Ọkọ mi ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, Tíṣà. Ibo lo ti kọ́ ọ?"

"Ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ, Bàbá."

Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ń bọ̀, àyè kan sì wà níbẹ̀ tí ọwọ́ mi kò lè dé. Bàbá ni í mú ọmọ rìn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá á ti wà ní àga iwájú, á máa wò. A gbìyànjú kí ó gbé Bíbélì dání. Bíbélì ń jó. A gbìyànjú ìbọ̀wọ́ funfun. Ó dàbí ọlọ́pàá tí ń darí ọkọ̀. Níkẹyìn ó ní kí a jẹ́ kí òun mu oògùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé ilé wolé-wolé kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń rú òfin dókítà.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ṣí, mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ mi kò fi apá kọ́ apá bàbá rẹ̀ bí a ti fi dánra wò. Ọwọ́ náà gan-an ni ó dì mú, ìka lórí ìka, àtàǹpàkò rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́, gẹ́lẹ́ bí èmi ti ń dì í mú. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Wọ́n rìn dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò mira, mo sì mí.

Alùfáà bèèrè pé ta ni ó fi obìnrin yìí fúnni. Ó di dandan kí ọmọ jọ̀wọ́ ọwọ́ bàbá, kí bàbá sì gbé ọwọ́ ọmọ fún alùfáà. Ọwọ́ wolé-wolé jáde síta níwájú gbogbo ìjọ, ó sì ń gbọ̀n bí ewé ọ̀pẹ nínú ẹ̀fúùfù. Mo gbọ́ tí ẹnìkan lẹ́yìn mi ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ló ṣe bàbá.

Ohùn kan sì ta sókè láti apá ọ̀dọ̀ àwọn àna. "Halelúyà. Ẹ̀mí ti bà lé bàbá wa. Ìgbéyàwó yìí ti gba àmì òróró."

Ìyá ọkọ ni. Gbogbo àwọn Aládùúrà tí ó bá a wá dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dáhùn Halelúyà. Àwọn Áńgílíkà wo ara wọn, wọ́n rí i pé ó yẹ kí ẹnìkan ṣe nǹkan, àwọn náà sì dìde. Ojú ewé tí alùfáà wa ń kà nínú ìwé àdúrà sọnù mọ́ ọn lójú. Láàárín ariwo yìí ni ọmọ mi fi gba ọwọ́ bàbá rẹ̀ padà, tí ó sì tì í jẹ́jẹ́ sí ọ̀dọ̀ mi. Títí di òní, àwọn ará ìlú kan wà tí wọ́n gbà pé ọkọ mi ríran lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sì ń béèrè ohun tí ó rí.

Níbi àsè, ìyá náà wá jókòó tì mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Àna mi, láti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni mo ti rí i. Ẹni tó ń bo nǹkan mọ ẹni tó ń bo nǹkan."

"Kí ni ẹ̀yin ń bò?"

Ó fi ẹnu júwe ọkọ rẹ̀. "Bàbá tiwa ò gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀rù bà wá pé bẹ́ẹ bá mọ̀, ẹ ó ní àrùn etí ń bẹ nílé wa, ẹ ò ní fi ọmọ fún wa. Ni mo bá ń gba ọ̀rọ̀ sọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tiyín tilẹ̀ sàn. Ẹ̀yin dì tiyín lọ́wọ́ mú, wọ́n ní ìfẹ́ ni. Èmi gba ẹnu tèmi sọ̀rọ̀, wọ́n ní mo láriwo."

Mo dìde, mo lọ bá ìyàwó alùfáà, mo ní mo ti rí ẹni tí ó yẹ kí ó bá àwọn tọkọtaya sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ ní ìgbà tí ó ń bọ̀. Mo nawọ́ sí i. Ìyàwó alùfáà wò ó, ó ní, "Ṣé ìyá aláriwo yẹn? Ẹ̀yin náà la fẹ́, mà."

Mo padà sí ìdí ọkọ mi. Wọ́n ti gbé ìyàwó lọ, àwọn àna ti ń kó sínú bọ́ọ̀sì. Mo mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, Tíṣà. Ìwádìí ti parí."

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Bàbá. A ṣì ní àwọn tọkọtaya láti kọ́."