Bàtà Dúdú tí Ìyé Yàn

"Bọ́ ọ," ni ìyá àgbà wí, kò sì gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí tí ó ń bó.

Àbúrò màmá mi dúró ní pálọ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri. "Ìyé, ẹ ò tíì wò ó."

"Mo ti gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń rìn, tòsì ń tiro. Bọ́ ọ."

Ìyé ni gbogbo wa ń pè é, bí àwa Ìkálẹ̀ ti ń pe ìyá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé dàgbà ní Ìlútítun, nítorí iṣẹ́ tíṣà ń gbé àwọn òbí mi kiri. Mo ti tó ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Bùrọ̀dá, àbúrò màmá mi yìí, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn Ìyé, ń ṣe akọ̀wé ní Ìbàdàn, ó sì wálé lọ́jọ́ Ajé yẹn nítorí pé ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó rẹ̀, ní Òkìtìpupa. Ó gbé aṣọ kan tí irú rẹ̀ kò wọ ilé wa rí kọ́ sára ìṣó. Ó ní tọkisídò ni wọ́n ń pè é: kóòtù dúdú tí kọ́là rẹ̀ jẹ́ sílíìkì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àti táì kékeré tó dà bí labalábá. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwa Ìkálẹ̀, ń gbẹ lórí ààrò nínú ilé ìdáná, èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú ilé. Ìyé wá bọ́ ìró ara rẹ̀ kan, ó fi bo aṣọ náà, kí ọkọ ìyàwó má baà máa rùn bí ààrò.

Oríṣi bàtà méjì ni Bùrọ̀dá mú wá. Èyí tó wọ̀ yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a yàn. Awọ rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí omi, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí eyín mi nínú rẹ̀. Èkejì ni bàtà iṣẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ búráùn, tí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti fẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tí ń wọ̀ ọ́.

Gbogbo ilé ló mọ ẹsẹ̀ òsì yẹn, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Bùrọ̀dá wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, epo gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀ níbi tí Ìyé ti ń se epo pupa. Awọ ẹsẹ̀ náà sunkì, ọmọ ìka mẹ́ta lẹ̀ mọ́ ara wọn, òkè ẹsẹ̀ sì yọ gègé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí i pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, òjò ì báà máa rọ̀, ooru ì báà máa mú.

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú wọ búráùn yìí," ni ó wí. Ó ti jókòó, ó ń tú okùn bàtà. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní bí mo bá wọ búráùn sí aṣọ dúdú, òun ò ní bá mi ya fọ́tò. Wọ́n á ní ará oko ló wá fẹ́ ọmọ àwọn."

Ìyé gbé atẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ọmọ tí o fẹ́ gbé níyàwó yẹn, ṣé ó ti rí ẹsẹ̀ rẹ?"

Bùrọ̀dá tẹjú mọ́ okùn bàtà tó ń tú. Igi ìdáná ń ta pàrà nínú iná.

"Ọjọ́ márùn-ún ló kù," ni Ìyé wí, ó sì gbé atẹ rẹ̀ padà sórí itan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa, àwa mẹ́ta. Ìyé mú mi dání nítorí ó mọ̀ pé Bùrọ̀dá kì í bínú níwájú mi. Ẹ̀gbẹ́ ọjà ni ìsọ̀ aránbàtà tí à ń lọ bá wà. Òórùn awọ, gọ́ọ̀mù àti pọ́líìṣì ti pàdé wa kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá apárí kan ni, tí kì í sáré sọ̀rọ̀. Èkó ló ti kọ́ iṣẹ́.

"Irú aṣọ wo ni?" ni ó kọ́kọ́ bi wá.

Bùrọ̀dá ṣàlàyé aṣọ náà, bàbá náà sì mi orí bí ẹni tí wọ́n dárúkọ ọbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè fún. "Dúdú ni. Ẹ mú ọkàn kúrò lára búráùn." Ó gbé bàtà kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ lójú kalẹ̀. "Èyí dára fún ọ́fíìsì. Ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù." Ó gbé òmíràn tó ní irin lójú. "Irin yìí á máa bá kọ́là sílíìkì yẹn jà." Ó wá nàgà, ó mú ẹ̀kẹta sọ̀kalẹ̀. Bàtà olókùn ni, ojú rẹ̀ mọ́ láìní ọ̀ṣọ́ kankan, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò nípọn. "Aṣọ yẹn ti sọ̀rọ̀ tán. Bàtà tó mọ bí a ti ń dákẹ́ ni kí ẹ wá fún un."

Ìyé gbà á, ó tẹ inú rẹ̀, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Èyí ni," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n tòsì á fún un."

"Kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí n wọn ẹsẹ̀."

"Ẹ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀," ni Bùrọ̀dá wí.

"Bí mo bá wọn ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ni màá tún bàtà ṣe fún."

Bùrọ̀dá dìde, ó fẹ́ jáde. Ìyé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á jókòó. Ìyá yìí, tí mi ò rí kó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe nínú ìjọ Aládùúrà wa, kúnlẹ̀ sórí àjákù awọ, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé itan, ó sì rọra fa ìbọ̀sẹ̀ náà kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí ẹsẹ̀ náà nìyẹn. Ó pọ́n, ó ń dán, kò sì bani lẹ́rù tó bí mo ti rò.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Ìyé sọ fún aránbàtà. "Ìkòkò epo ni mo gbé sórí ààrò tí kò dúró dáadáa, mo wá yíjú sí àlejò."

"Ìyé, kí lẹ sọ?"

"Ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí."

"Ta ló ní ẹ̀yin ni?" Ohùn Bùrọ̀dá ti lọ sílẹ̀. "Èmi ni mò ń sáré. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sáré nídìí ààrò. Mo rántí."

"O rántí?"

"Mo rántí ohùn yín. Mo rò pé ẹ ṣì ń bínú ni ẹ kì í fi í fẹnu kàn án."

Ìyé jókòó sílẹ̀ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹsẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi etí gèlè nu ojú. Aránbàtà ti kẹ̀yìn sí wa, ó ń wá ṣọ́ọ̀kì kiri ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ ó fi ṣọ́ọ̀kì náà há etí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i. Ó gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọn ẹsẹ̀ náà yíká láìbéèrè ohunkóhun, ó ní òun á tú ẹ̀gbẹ́ òsì, òun á fi awọ rírọ̀ sí i láti inú, ojú ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Bùrọ̀dá dá lọ sí ilé ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà ló sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé inú pálọ̀ bàbá òun ni Bùrọ̀dá ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Òun náà ti fura tipẹ́, láti ọjọ́ kan tí àgbàrá gba ojú ọ̀nà, tí gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà, tí Bùrọ̀dá nìkan wọ ìbọ̀sẹ̀ kọjá nínú omi. "Mò ń dúró kó fúnra rẹ̀ sọ ni," ni ó wí.

A gba bàtà náà lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyé ló fúnra rẹ̀ fi pọ́líìṣì pa á lẹ́yìnkùlé, ó ń kán omi sí i, ó ń fi aṣọ gbo ó, títí òjìji àwọn ẹ̀ka igi òkè fi ń mì nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Bùrọ̀dá rìn dé iwájú pẹpẹ bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ kankan láti rántí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó bá a ya fọ́tò. Ìyé kò wo bàtà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Láti ìgbà náà, bí Bùrọ̀dá bá wálé ọdún, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Ìyé á máa fi àdín pa ẹsẹ̀ náà, àwọn méjèèjì á sì máa sọ̀rọ̀ owó ẹyìn ọ̀pẹ tàbí ti òjò.

Ìyé ti lọ, ó ti pẹ́, èmi náà sì ti ju ọjọ́ orí tó wà nígbà náà lọ. Mo máa ń rò ó pé ó lé ní ogún ọdún tí ìyá àti ọmọ fi gbé ẹ̀bi kan náà, tí oníkálukú rò pé òun nìkan ló ni ín, tí wọ́n sì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Èmi kì í jẹ́ kó pẹ́. Bí mo bá rò pé mo ti ṣẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa ń pè é. Nígbà mìíràn á ní òun ò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo máa ń ní kó ṣáà jókòó, kí n sọ ọ́ tán.