Ìkòkò Dúdú Lórí Páànù

"Dúró ná. Wá ilé rẹ kí o tó sọ̀ kalẹ̀."

Ìyá àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ìyá tó bí bàbá mi, lórí àpáta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Savalou, níbi téèyàn ti ń rí gbogbo òrùlé Bantè, ìlú wa. Oko la ti ń bọ̀, iṣu wà lórí wa, òórùn koríko tútù wà lára aṣọ wa. Gbogbo ẹni tó bá ti oko bọ̀ ló ń dúró níbẹ̀ láti fojú wá òrùlé rẹ̀. Bí èéfín bá ń yọ níbẹ̀, ó ti mọ̀ pé wọ́n ti dáná.

Lọ́jọ́ yẹn, ojú ń kán mi láti wo ìsàlẹ̀. Kápẹ́ntà ti kan páànù sórí ilé wa! Tẹ́lẹ̀, ilé wa nìkan ló kù tó ń lo koríko ládùúgbò, ó dúdú, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ìwé sì ń pè mí ní ọmọ abẹ́ koríko. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti kìlọ̀ fún bàbá mi: "Kàn án. Bí mi ò bá rí ilé mi láti orí àpáta, wàá ṣí i kúrò." Bàbá mi mọ̀ pé kì í ṣàwàdà.

A wo ìsàlẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sórí ìlú, gbogbo rẹ̀ ń kọ mànà. Mi ò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá àgbà fọwọ́ ṣíji bojú, ó wò títí.

"Èwo ni tiwa?"

Mo nawọ́ sí ọ̀kan. Mo tún nawọ́ sí òmíràn.

"Irọ́ lò ń pa. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n."

Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń ṣí páànù wa. Ni mo bá rántí ìkòkò dúdú tó máa ń bo ṣóńṣó òrùlé àtijọ́ kí òjò má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n jù ú sí.

"Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká gbé ìkòkò yẹn padà."

"Sórí páànù?"

"Sórí páànù, mà."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé iṣu fẹ́ẹ̀ yí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kápẹ́ntà ń kùn, ó sì fi wáyà de ìkòkò náà mọ́ páànù lókè pátápátá. Obìnrin ará Nàìjíríà tó ń ta epo kẹrosíìnì ní iwájú ilé wa jáde wá wò ó.

"Ìyá, kí lẹ ń sè lókè yẹn?"

"Ọbẹ̀ ọkọ rẹ ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, a gun àpáta láìru ẹrù. Ìyá àgbà ló ṣáájú mi rí i, dúdú kan ṣoṣo láàárín ohun tó ń dán. "Òun nìyẹn," ló wí. "Kó máa wà bẹ́ẹ̀."

Páànù ìgbà yẹn ti dípẹtà báyìí, ó ti pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìkòkò náà ṣì wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu ti ń fi bíríkì kọ́ ilé alájà, orí ilé wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ìyá àgbà ti lọ, èmi náà ti wọlé ọkọ sí Savalou. Inú mi sì ń dùn nígbàkigbà tí mo bá rí ilé tuntun tó yọrí, bó ṣe ń dùn sí páànù wa nígbà yẹn. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà ni pé kí n kọ́kọ́ dúró, kí n wá ohun tí mo fi mọ tèmi.

Alálùpùpù tó bá ń gbé mi bọ̀ wá sí Bantè máa ń kùn tí mo bá ní kó dúró níbi àpáta. Níjọ́sí, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin mi, tó jókòó sáàárín èmi àti rẹ̀, fi gbá a lẹ́yìn.

"Dúró ná," ló wí. "Mi ò tíì rí ìkòkò wa."