Ọjọ́ Tí Mo Gbàgbé Ọ̀pá Àṣẹ Sábẹ́ Tábìlì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, Pa Ẹ̀jírò, ọ̀gá mi, mú mi lọ sídìí tábìlì ńlá tó wà láàárín gbọ̀ngàn àwọn kánsẹ́lọ̀, ó sì fi ìkọ́ mẹ́rin hàn mí: méjì lórí tábìlì, méjì lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ni láti máa gbé ọ̀pá àṣẹ ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní mace. Bí ilé bá jókòó, ọ̀pá á wà lórí. Bí wọ́n bá sọ ara wọn di ìgbìmọ̀ láti tú àbá kan wò lẹ́sẹẹsẹ, n ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ìkọ́ ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá wá fẹ́ sọ àbá náà di òfin, n ó kọ́kọ́ gbé ọ̀pá padà sókè.

“Once mace dey down,” ni Pa Ẹ̀jírò wí, “anything wey dem talk na gist.”

Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo kánsẹ́lọ̀ tuntun ni bàbá náà ń sọ ọ́ fún, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, àmọ́ etí odò ní Warri ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ìjà ìlú bẹ̀rẹ̀, tí aládùúgbò ń lé aládùúgbò, tí àwọn ọ̀dọ́ inú omi sì gbé ìbọn, Pa Ẹ̀jírò ti fẹ̀yìn tì. Tọ̀tún-tòsì wá fẹnu kò pé ọwọ́ mi ni kí ọ̀pá máa gbé, nítorí n kò sí nínú ìjà wọn. Bó ṣe di àlejò abẹ́ ibùsùn mi nìyẹn. N ó fi ìró ìyàwó mi wé e, n ó gbé e sórí ọ̀kadà. Lọ́jọ́ kan, ní Deco Road, sójà kan rò pé ìbọn ńlá ni, ó ní kí n dojú bolẹ̀ nínú potopoto. Nígbà tó tú ìró tó rí orí idẹ, òun náà ló bá mi nu ẹrẹ̀ kúrò lára.

Kí ìjà tó dé, àwọn kánsẹ́lọ̀ wa ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe òfin kan. Madam Ròlí ló dá a lábàá, Kánsẹ́lọ̀ Pírèyè ló kín in lẹ́yìn: bí ètò ìṣúná ọdún kò bá kọjá kí oṣù kẹta tó parí, kò sẹ́ni tí yóò gba owó oṣù títí yóò fi kọjá. Oṣù tó bá sì lọ, ó lọ nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn gan-an lọ́jọ́ náà, nítorí ta ni yóò rò pé òun lòun ń ta okùn tí yóò de òun?

Ìjà dé, Ròlí àti Pírèyè bọ́ sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ rí ara wọn sójú. Oṣù kẹrin lọ. Kánsẹ́lọ̀ kan tó ń gun mọ́tò wá síbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, ó ní dókítà ló ní kí òun máa ṣe bẹ́ẹ̀. A ò bi í ní orúkọ dókítà náà.

Ní tèmi, ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyàwó mi, iná ìjà sì ti jó òrùlé ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ní etí odò. Abẹ́ tapólì tó ti ya ló ti ń gbẹ̀bí. Bí òjò bá dé, á na agbòòrùn sórí aboyún, òun fúnra rẹ̀ á sì wálé pẹ̀lú gèlè tó ń ro tótó. Ẹ̀rù òjò oṣù kẹfà ń bà mí gidigidi. Inú ètò ìṣúná yẹn ni owó òrùlé rẹ̀ wà.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún ni ebi borí ìbínú. Gbogbo wọn wá. Ṣùgbọ́n bí Madam Ròlí bá fẹ́ kí Pírèyè gbọ́ nǹkan, akọ̀wé ilé ló ń sọ ọ́ fún, bí ẹni pé odò ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo sọ ọ̀pá kalẹ̀, wọ́n tú ètò náà wò ní orí-orí. Nígbà tí wọ́n dé ibi ilé ìgbẹ̀bí, tí ẹnikẹ́ni kò ta kò ó, ọkàn mi fò kúrò ní gbọ̀ngàn. Mo ń wo òjò tó ṣú lójú fèrèsé, mo sì ti ń kan páànù nínú ọkàn mi. Wọ́n padà jókòó bí ilé, Lídà, olórí ilé wọn, béèrè bóyá kó di òfin, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lu òòlù. Ó parí. Àwọn kan ti sáré jáde nítorí kónílé-ó-gbélé tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà.

Mo na ọwọ́ kí n gbé ọ̀pá ṣíwájú Lídà. Kò sí nǹkan kan lórí tábìlì.

Ìsàlẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà, tí mo rọra gbé e sókè, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti rí i, tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lọ́la, wọn yóò dá òfin náà nù, òrùlé ìyàwó mi yóò sì bá a lọ.

“Leader sir,” ni mo wí, “I never carry mace come up.”

Madam Ròlí yí padà, ó wo ojú Pírèyè, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

“Pírèyè, you hear wetin this man talk?”

“Sister Ròlí,” ni Pírèyè dá a lóhùn, “so na gist we dey gist since.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé Ròlí, ló bá gbé Pírèyè, ló bá gba gbogbo ilé. Pírèyè fúnra rẹ̀ sáré dé ẹnu géètì, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lọ́nà, ó kó àwọn tó ti jáde padà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pá sókè, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọwọ́ mi bí ọmọdé ṣe ń wo ẹni tó ń pín ẹran. “Bẹ́ẹ̀ ni” tí wọ́n ké lẹ́ẹ̀kejì le débi pé sójà ẹnu ọ̀nà wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́fà ti fẹ́ lù, ọkọ̀ tí ì bá gbé Pírèyè relé sì ti lọ. Madam Ròlí gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga iwájú mọ́tò rẹ̀, Pírèyè sì wọlé. Ìjà ìlú kò parí lọ́jọ́ náà o, àmọ́ láti ìgbà yẹn, wọn kò rán akọ̀wé sí ara wọn mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọmọbìnrin kan ló gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ìkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì kọ́kọ́ fi hàn án. Mo ní kó gbé ọ̀pá sókè kó tó máa yọ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé ìdúpẹ́, ó wà lára ògiri.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gba owó iṣẹ́ mi gan-an ni ọ̀sán kan ní oṣù keje ọdún yẹn, nígbà tí mo lọ mú ìyàwó mi níbi iṣẹ́. Òjò ń lu páànù tuntun débi pé a kò gbọ́ ohùn ara wa. Ọmọ tuntun kan ké láti inú lọ́hùn-ún, igbe rẹ̀ la ariwo òjò kọjá. Ìyàwó mi jáde sí mi ní fàrándà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba níwájú mi.

“Bàbá Tóbi,” ó wí, “ẹ fọwọ́ kan gèlè mi.”

Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ.