Kọ́kọ́rọ́ Tó Ń Bá Ọ̀gá Mi Lọ Sọ́jà

Kí ẹni tó bá ń ka èyí má bínú sí mi. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ kò ju orúkọ àlejò àti nọ́ńbà yàrá lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá kọ ọ́. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, ẹ bá mi fojú fò ó.

Ilé àlejò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Ìyànà Iyesi. Yàrá méjìlá ló ní, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà láàrin wọn. Ilẹ̀kùn àbáwọlé wà ní ìpẹ̀kun kan, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ìpẹ̀kun kejì. Àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ Ṣàngó dòwò pọ̀ máa ń sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé máa ń kún jù ni ìgbà tí yunifásítì tó wà nítòsí bá ń ṣe ayẹyẹ ìgboyè. Bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà, gbogbo wọn á rọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn láti wá wo ọmọ wọn, a ó sì máa tẹ́ ẹní fún àwọn tí bẹ́ẹ̀dì ò kárí.

Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá mi obìnrin. Nígbà tí mo ti Ọ̀ṣun dé, tí iléeṣẹ́ tí mo wá ṣiṣẹ́ sí ní Ṣàngó ní àwọn ò gba èèyàn mọ́, ọ̀gá mi yìí ló gbà mí sílé. Wọn ò lù mí rí, wọn ò sì fi oúnjẹ dù mí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn nìkan ló ń mú kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún tí mo dé, olè gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé lọ́sàn-án gangan, ó kó fóònù àti kọ̀ǹpútà àlejò kan lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá mi ti fi àgádágodo ńlá sí ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró wọn. Bí wọ́n bá lọ sọ́jà Ṣàngó, kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ṣàngó. Bí wọ́n bá lọ sí ìsìn ààrin ọ̀sẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ gbọ́ ìwàásù. Obìnrin ará Ọ̀yọ́ tó ń se oúnjẹ fún wa, tí mo ń pè ní Àǹtí, máa ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ yẹn ti rìnrìn àjò ju òun lọ.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò lórí Wọ́sáàpù pé kí wọ́n wá sí ìpàdé ní Ọ̀tà. Ọ̀gá mi ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Wọ́n ní kí n lọ jókòó síbẹ̀, kí n fọwọ́ síwèé pé a wá, kí n sì máa bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán Àǹtí, nítorí mi ò lè sọ̀rọ̀ láàrin èrò. Àǹtí ní bí òun bá lọ, ta ni yóò se ìrẹsì, àbí ìtìjú ni mo fẹ́ bù fún àlejò jẹ?

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọ̀nà: wọ́n fẹ́ kó ẹrọ̀fọ̀ inú gọ́tà lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó, wọ́n á ti apá kan ọ̀nà pa, kí àwa tó ní àlejò sọ fún wọn kí wọ́n tètè máa jáde. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí ti yí padà. Wọ́n sọ àwọn àdúgbò tí omi máa ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù, pé kí wọ́n gbé ọjà wọn kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin panápaná kan dìde, ẹni tínínrín tí ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ní bí iná bá ṣẹ́yọ lára wáyà, kí a kọ́kọ́ lọ pa sùìṣì ńlá, kí a má bu omi sí i, yanrìn ni kí a dà lé e. Ó ní èéfín máa ń pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wá ní kí àwọn tó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nawọ́. Ọwọ́ pọ̀. Ó ní kí àwọn tó ń fi àgádágodo tì í nígbà tí èèyàn wà nínú ilé nawọ́. Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀, tèmi náà. Ọkùnrin kan tó ń ta àga ìjókòó ní gbogbo wa ti di wòlíì lónìí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Panápaná kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Fóònù tí olè gbé, ẹ lè ra òmíràn. Àlejò tí ẹ tìlẹ̀kùn mọ́, níbo lẹ ti fẹ́ rà á fún àwọn èèyàn ẹ̀?"

Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa. Yàrá mélòó, ilẹ̀kùn mélòó, níbo ni àwọn èèyàn yóò kó jọ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n béèrè bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń ṣí sílẹ̀, àti pé bí a bá ń tì í, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Bí mo bá kọ òótọ́, ó dà bí ìgbà tí mo wá fẹjọ́ ọ̀gá mi sùn. Mo di báírò mú títí gbọ̀ngàn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tí a jọ lè jẹ́ ẹgbẹ́, wá dúró lórí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin nìkan lẹ kù." Mo kọ ọ́ pé, "Ó máa ń ṣí sílẹ̀." Mo fọwọ́ sí i.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi tán kó tó sọ pé fọ́ọ̀mù yìí ni àwọn panápaná máa wò bí iná bá ṣẹ́yọ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Mo fẹ́ sọ pé kó fún mi padà. Ó ti kó o mọ́ àwọn yòókù, ó ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Mo jíṣẹ́ fún ọ̀gá mi nípa ọ̀nà, nípa ìdọ̀tí, nípa yanrìn. Ti yanrìn dùn mọ́ wọn, nítorí ó rọrùn. Wọ́n ra báákẹ́ẹ̀tì méjì, wọ́n kùn ún ní pupa, a da yanrìn tó mọ́ sínú wọn, a gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n bi mí pé ṣé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ló máa wá bá àwọn ṣọ́ ilé. Mi ò sọ ohun tí mo kọ. Ṣùgbọ́n ìgboyè ti ń bọ̀, àwọn èèyàn ti gba gbogbo yàrá méjèèjìlá tán. Bí mo bá ti ń gbálẹ̀ dé ìdí àgádágodo yẹn láràárọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo kọ á sọ sí mi lọ́kàn.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ṣe ìgboyè nígbà tí Màmá kan láti Ìlọrin àti ọmọ wọn dé. Ọ̀pá ni Màmá fi ń rìn. Yàrá kejìlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, la fi wọ́n sí, nítorí ariwo ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ wọn lọ sí yunifásítì, ọ̀gá mi lọ ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní Ṣàngó. Àlejò kan ń lọ aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Iná mọ̀nàmọ́ná lọ, bó sì ṣe padà dé, ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì bú, iná mú kọ́tìnnì. Kí n tó dé ibẹ̀, èéfín dúdú ti ń gba àjà lọ sí ẹ̀yìn.

Mo pa sùìṣì ńlá. Mo gbé báákẹ́ẹ̀tì pupa, ó fúyẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ó ṣófo. Mo gbé èkejì, bákan náà. Mo wo Àǹtí, Àǹtí wo ilẹ̀. Ó ti ń fi yanrìn náà fọ ìdí ìkòkò láti ìgbà tí a ti gbé e síbẹ̀, nítorí kò sí yanrìn tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nítòsí. Ó gbé abọ́ ńlá, ó sáré lọ bu yanrìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní òdìkejì ọ̀nà.

Àwọn àlejò iwájú ti jáde. Màmá nìkan ni mi ò rí. Mo rẹ táwẹ̀lì sómi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba inú èéfín lọ. Wọn ò sí ní yàrá. Wọ́n ti ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tó bá gbọ́n ṣe, wọ́n ti jáde lọ sí ilẹ̀kùn tó sún mọ́ wọn jù. Ibẹ̀ ni mo bá wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀kùn yìí ò gbọ́."

Mo fi táwẹ̀lì bo imú wọn, mo ní kí wọ́n gùn mí lẹ́yìn. Wọ́n fúyẹ́. Mo pọ̀n wọ́n gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà, lọ sí ọ̀nà ibi tí iná wà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Àǹtí ti ń da yanrìn lé kọ́tìnnì nígbà tí a kọjá. Níta, Màmá wúkọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò wá wò wọ́n, ó ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n mu omi. Bí ẹ̀mí wọn ò ṣe bọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá mi dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Màmá, wọ́n sunkún, wọ́n dì mọ́ mi. Àǹtí ń gbá yanrìn, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Mọ́mì. Ẹ bá wa kí kọ́kọ́rọ́ náà, ó kú ìrìn."

Ọ̀gá mi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tẹ̀ lé wọn wọ yàrá wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo kọ ọ́ fún ìjọba pé a kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní orí mi pé. Wọ́n ní tí àwọn ìjọba bá wá wò ó, a máa ṣí i kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní Ọlọ́run ti kó wa yọ, ṣùgbọ́n ìgboyè ni olè máa ń dúró dè. Wọ́n tún ìró wọn ró, mo rí kọ́kọ́rọ́ létí rẹ̀, wọ́n sì lọ ka aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbálẹ̀, mo gbé omi gbígbóná fún Màmá. Mo sọ fún Àǹtí pé mo ń lọ sí Ọ̀tà. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Ó ní tí ọ̀gá wa bá béèrè mi, òun á ní òun rán mi lọ ra ata. Akọ̀wé ọjọ́sí ló wà ní ọ́fíìsì. Mo ní mo ṣàṣìṣe nínú fọ́ọ̀mù wa. Ó wá a jáde, ó yá mi ní báírò. Mo fa ìlà gba orí ohun tí mo kọ, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "A máa ń tì í. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó máa ń bá wọn lọ sọ́jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá kí ọjọ́ ìgboyè tó pé." Mo fọwọ́ sí i, mo dá báírò rẹ̀ padà fún un, mo ya ọ̀dọ̀ aláta, mo sì wọ ọkọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.