Ọjọ́ Mẹ́rin Lórí Ilẹ̀ Ẹ̀bá Ọjà

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo jẹ́ tíṣà l'Ọ́fà, tí n kò sì tíì lọ́kọ. Ilẹ̀ kan wà nígbà náà láàárín ọjà àti ibùdó rélùwéè. Ilé ìtajà àwọn òyìnbó ló wà níbẹ̀ rí. Wọ́n wó o, koríko sì gba ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí èmi àti òun jọ ń gbé, ti kú lójú ọ̀nà níbi tí a ti ń gbé e lọ bímọ ní ìlú mìíràn. Èyí ló mú kí ẹgbẹ́ àwa tíṣà kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú pé kí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sórí ilẹ̀ náà. Tíṣà Adéwálé, ọ̀rẹ́ mi, ni alága. Èmi ni akọ̀wé. A kò rí èsì. Nígbà tó yá la gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n pín in fún ẹni tó bá wù wọ́n.

Ni a bá tẹ́ ẹní síbẹ̀ lásìkò ìsinmi ilé ìwé, a jókòó kí wọ́n má baà lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́jọ́ kìíní, ibẹ̀ kún. Àwọn ìyá pọn ọmọ wá. Lọ́jọ́ kejì, káńsẹ́lọ̀ kan dé, ó ń pe àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pè kì í padà sórí ẹní mọ́.

Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, èmi àti Adéwálé nìkan ló kù. Ó dìde, ó gbọn eruku ara aṣọ rẹ̀.

"Mísì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ṣé wọ́n ti fún ẹ̀yin náà ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

Kò wo ojú mi. "Ìyàwó mi ń kiri ọjà pẹ̀lú oyún nínú. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé torí irú rẹ̀ la ṣe jókòó síbí."

"Ó rọrùn fún yín láti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń retí yín nílé."

Ó lọ. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù lórí ẹní yẹn. Àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ń yà fún mi bí ẹni ń yà fún wèrè. Ohun tí Adéwálé sọ ló dùn mí jù, torí pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn awọnlẹ̀ dé. Ọ̀gá wọn, bàbá àgbàlagbà kan, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.

"Ọmọ mi, kí lo ń fẹ́ gan-an?"

Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ó tẹ́ àwòrán ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ kọ́ sílẹ̀ níwájú mi.

"Dìde, má jẹ́ kí wọ́n wá wọ́ ọ kúrò níbí. Màá fa yàrá ìgbẹ̀bí méjì mọ́ àwòrán náà. Bóyá wọ́n á gbà."

Mo dìde. Wọ́n sì gbà: yàrá méjì ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù, àti agbẹ̀bí kan.

Ibẹ̀ ni ìyàwó Adéwálé bímọ sí. Lọ́jọ́ ìsàmì ọmọ náà, Adéwálé rí mi ní ìjókòó ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rìn wá díẹ̀, ó sì dúró. Mo tẹ ojú mi mọ́ ìwé orin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ a máa bi mí bóyá a borí. Yàrá méjì la rí gbà. Ilé ìgbẹ̀bí tí a béèrè fún, ìlú kò kọ́ ọ síbẹ̀ títí di òní. Ti èmi àti Adéwálé ni n kò rí àtúnṣe sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú kí n tó rántí pé ọ̀pọ̀ àwọn yòókù kò lò ju ọjọ́ méjì lọ; ọkùnrin yẹn bá mi jókòó nínú oòrùn títí di ọjọ́ kẹta. Ó ti kú kí n tó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.