Orúkọ Sìdíkàt Lára Ògiri Láfẹ́nwá

Lọ́dún 1984, àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan l'Ábẹ́òkúta ṣe eré àtìgbàdégbà fún tẹlifíṣọ̀n. Sìdíkàt, ọmọ aláró kan ní Ìjẹmọ̀, ló kó ipa ìyàwó. Nígbà tí a ya eré náà tán, òun ló fọwọ́ ya àwọn pósítà tí a fi polówó rẹ̀. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà: SÌDÍKÀT ÀJÀLÁ. Ibùdókọ̀ ojú irin Láfẹ́nwá ló lẹ èyí tó pọ̀ jù sí.

Mo ní, “Ṣé àwọn èrò Kánò ló máa wo eré wa ni?”

Ó ní, “Ibí ni bàbá mi ti wọkọ̀ lọ Kánò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, wọn ò sì tíì padà. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé mo wà.”

Eré náà gbayì, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ Òkè Ọya bá ti dé Láfẹ́nwá, Sìdíkàt á máa wo ojú àwọn àgbà ọkùnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ kò sí nínú wọn.